Ta Ló Yá Ta? "Borrow" àti "Lend" Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá

Àwọn àgbà ní, "Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Ẹni tó gba ṣòkòtò oníṣòkòtò wọ̀ ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n òwe náà ba èdè àgbàbọ̀ mu pẹ̀lú. Lórí ọ̀ràn yíyá gan-an ni èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́sẹ̀: "borrow" àti "lend".

Ẹni tó ń gbà ló ń "borrow". Ẹni tó ń fúnni ló ń "lend". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní "Borrow me your pen" ti gbé iṣẹ́ agbà fún afúnni. "Lend me your pen" ló yẹ kó wí, tàbí "May I borrow your pen?"

Àìmọ̀kan kọ́ ló fà á. "Yá" kan náà ni Yorùbá ń lò fún méjèèjì, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń lo "leihen". Ẹ gbọ́ ná: "Mo yá Àdùkẹ́ lówó", "Mo yá owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́." Nínú ti àkọ́kọ́, Àdùkẹ́ ló jẹ gbèsè, nínú ìkejì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kò yẹ̀ rárá. Ibi tí Àdùkẹ́ jókòó sí nínú gbólóhùn, àti "lọ́wọ́", ló fi ẹni tó ni owó hàn.

Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ di ẹrù yìí lé ọ̀rọ̀-ìṣe lórí. Nǹkan tí a yá ló ń tẹ̀ lé "borrow", "from" yóò sì ṣáájú ẹni tó ni ín: "She borrowed money from Tunde." Ọ̀nà méjì ni "lend" ní: "Tunde lent her money" àti "Tunde lent money to her." Ohun tó ti kọjá ni "borrowed" àti "lent", kò sí "lended". Àwọn ará Amẹ́ríkà a tún máa fi "loan" ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀.

"Borg", tí "borrow" ti ṣẹ̀ wá nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ohun tí a fi dógò ni. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà, ẹni tí a fi dógò nítorí owó tí a yá, kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi pàṣán kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ "borrow" àti "lend". Ẹ kọ gbólóhùn Àdùkẹ́ méjèèjì sójú pátákó, kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ gbèsè, kó tó wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.