Ta Ló Ń Wọn Ilẹ̀ Yín? Ìtàn Ẹ̀rọ Tó Gbé GPS àti Dáyárì Sójú Kan

Ìbéèrè kan la fẹ́ bi yín lónìí: pulọ́ọ̀tì mélòó ló wà nínú éékà kan?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kosofe níbí á dáhùn pé mẹ́fà ni. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 náà wà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Mẹ́fà irú ìyẹn ò pé éékà rárá, kò tilẹ̀ tó ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní owó éékà kan ti san owó ilẹ̀ tí kò sí. Kò tán síbẹ̀ o. Ajílẹ̀ éékà kan ló máa rà, oògùn éékà kan ló máa fín, owó éékà kan ni oní katakata máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù sì lè jó ewébẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ní ká sọ ìtàn kan fún yín: bí ẹ̀rọ tó ń mọ ibi téèyàn dúró sí ṣe kúrò lọ́wọ́ ológun, tó wá dé àpò aṣọ yín.

Kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn baba wa ò ṣàìní òṣùwọ̀n. Ebè ni wọ́n ń kà. Igba ebè, igba ebè ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ lóko iṣu, òun náà ni wọ́n fi ń san owó alágbàṣe. Òṣùwọ̀n tó dáa ni fún iṣẹ́ ọwọ́, torí olóko rí ebè, alágbàṣe náà rí i. Àmọ́ ebè ẹnìkan tóbi ju ti ẹlòmíì lọ, àlàfo wọn ò sì dọ́gba, kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe tó gan-an. Nígbà tó yá, sọ̀féyọ̀ dé pẹ̀lú ṣéènì àti òpó kọnkéré. Owó onílé ló lè gbé ìyẹn. Ẹni tó yá ilẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ fún sáà kan, níbo ló ti fẹ́ rí owó sọ̀féyọ̀? Okùn àti téèpù la fi ń ran irú wọn lọ́wọ́, tí èèyàn méjì á di etí rẹ̀ mú nínú ẹrẹ̀.

Ọ̀nà míì ń bọ̀ láti òkè. Ní 1978, àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ lọ sókè. Fún iṣẹ́ ogun ni wọ́n ṣe é. Ní 1983, ọkọ̀ òfúrufú Korea kan ṣìnà wọ òfúrufú ilẹ̀ Soviet, wọ́n sì já a lulẹ̀. Èèyàn 269 ló kú. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Ààrẹ Reagan kéde pé tí iṣẹ́ GPS bá parí, ará ìlú náà á lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1995 ni wọ́n kéde pé iṣẹ́ náà ti parí, pẹ̀lú sátẹ́láìtì 24.

Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ẹnìkan níbí. Gladys West, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó dàgbà lóko ní Virginia, wà lára àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ayé ṣe rí gan-an, torí ayé ò rí róbótó gẹ́lẹ́ bíi bọ́ọ̀lù. Láìsí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, sátẹ́láìtì ò lè sọ ibi tí oko yín wà kó má ṣì. Ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ ológun òfúrufú Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣáájú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán ọmọbìnrin lọ síléèwé pẹ̀lú owó tòmátì, ẹ kú ìnáwó, ẹ má dúró.

Síbẹ̀, àwọn ológun ṣì ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tí ará ìlú ń gbà rú. Ó lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣì. Ẹ sì wò ó o, éékà kan tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, bíi mítà 64 ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè dúró láàárín oko yín gan-an kí ẹ̀rọ sọ pé oko aládùúgbò lẹ wà. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dẹ́kun ìdàrú náà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ kékeré tẹ́nì kan lè rà lọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò fún oko kékeré.

Ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà láyé nígbà náà. Ọ̀kan ni GPS àfọwọ́mú, tí ọdẹ àti atukọ̀ ń lò. Èkejì ni dáyárì oníbátìrì, irú Palm, tí àwọn oníṣòwò fi ń tọ́jú ọjọ́ ìpàdé, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì oníbàárà. Ní 2003, Garmin, iléeṣẹ́ tí Gary Burrell àti Min Kao dá sílẹ̀ ní 1989, so méjèèjì pọ̀. iQue 3600 ni wọ́n pè é. Èríà rẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n á ṣí i sókè bí ìdérí. Téèyàn bá mú àdírẹ́sì oníbàárà nínú dáyárì rẹ̀, máàpù á fi ọ̀nà hàn án, ohùn á sì máa sọ ibi tó máa yà sí fún un. Kò lè pe fóònù o, láti inú kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti ń kó máàpù sínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi yí padà. Ní 2008, iPhone 3G jáde, fóònù Android àkọ́kọ́ náà jáde, GPS sì wà nínú méjèèjì. Bí fóònù ṣe gbé dáyárì mì nìyẹn, tó gbé GPS mì lé e. Àmọ́ ọgbọ́n inú ẹ̀rọ yẹn ṣì wà: ibi tí nǹkan wà àti àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú kan. Òun lẹ ń lò nígbà tẹ́ ẹ bá fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ sí awakọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ láti Kano.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Ọdún 2001 ni GSM dé. Ní oṣù kẹsàn-án 2003, Nàìjíríà gbé sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 sókè, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ ni ìyẹn ń yà, kì í ṣe GPS. Nígbà tí àjọ NBS àti Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ìdílé ní 2010 sí 2011, wọ́n bi àgbẹ̀ bí oko rẹ̀ ṣe tó, wọ́n sì tún fi GPS àfọwọ́mú wọn oko náà. Ní Uganda, níbi tí àwọn onímọ̀ ti fi irú ìdáhùn méjèèjì wéra, wọ́n rí i pé ẹni tí oko rẹ̀ kéré sábà máa ń sọ pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ, olóko ńlá sì máa ń dín tiẹ̀ kù. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ojú ni ò ṣeé fi wọn ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní àwàdà o. Òfin kan tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó máa wọ ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ibi tí oko tó ti wá wà. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, gbogbo ààlà rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko kòkó ní Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun, ẹ má dúró de ẹni tó máa wá wọn oko yín, kó sì kó nọ́ńbà náà lọ. Ìwọ̀n ilẹ̀ téèyàn ò mọ̀, ẹlòmíì ló máa bá a mọ̀ ọ́n, ẹni yẹn náà ló sì máa bá a dá iye lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa lò ó.

Àkọ́kọ́, dátà kọ́ ló ń mú GPS ṣiṣẹ́. Nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè ni àwọn sátẹ́láìtì náà wà. Fóònù máa ń gbọ́ àmì mẹ́rin ó kéré tán, á sì fi àkókò tí wọ́n fi dé ṣírò ibi tẹ́ ẹ wà. Máàpù ló ń fẹ́ dátà. Ẹ wa máàpù agbègbè yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sóko.

Èkejì, ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Lójú gbangba, fóònù lè fi bíi mítà márùn-ún ṣì. Lábẹ́ igi tàbí láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kétu, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí éékà, ìyẹn ṣeé fara mọ́. Àmọ́ ìbú pulọ́ọ̀tì kan ò ju bíi mítà 18 lọ. Ẹ lo téèpù níbẹ̀. Ẹ sọ gígùn di púpọ̀ ní ìbú. Mítà 40 sí mítà 50 jẹ́ 2,000, éékà kan sì jẹ́ 4,047. Ilẹ̀ yẹn ò tó ààbọ̀ éékà nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò Ògùn, ẹ má fi gíga ilẹ̀ tí fóònù ń sọ ṣe ìpinnu. Ó máa ń ṣì ju bó ṣe ń ṣì ní ti ibi lọ. Ẹ rántí 2010, nígbà tí dáàmù Ọyán tú omi sílẹ̀ tí omi sì bo Ajégúnlẹ̀. Ojú ibi tí omi yẹn dé ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ pe aládùúgbò àti ẹni tó fún yín nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rìn yí oko ká. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìwọ̀n méjèèjì bá jìnnà síra, ẹ tún un rìn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, torí fóònù lè bọ́ sómi. Kò sì sọ ilẹ̀ di tiyín o, ìwé sọ̀féyọ̀ ṣì ní ipò tirẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó katakata sáà tó ń bọ̀, ẹ wọn ilẹ̀ yín fúnra yín.