Èèrí, Èèpo àti Oúnjẹ Ẹran Ọ̀sìn

Kí ilé iṣẹ́ ńlá tó dé ilẹ̀ Yorùbá, èèrí ni oúnjẹ ẹran tí kì í ná ẹlẹ́ran lówó púpọ̀. Bí ẹlẹ́kọ bá sẹ́ ògì tán, èyí tó kù nínú asẹ́ di ti ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ewúrẹ́ àdúgbò a máa mọ ilé ẹlẹ́kọ ju ilé olówó rẹ̀ lọ.

Ní 1949, bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí í lọ àlìkámà ní Àpápá. Pàǹtí ọkà bíà di ti ẹlẹ́dẹ̀, èèrí àlìkámà di ti adìẹ. Àmọ́ àlìkámà òkèèrè ni. Ìjọba sì fòfin dè é ní 1987.

Láàárín irú àwọn pàǹtí oúnjẹ wọ̀nyí, èèpo ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù, òun náà ló nira jù. Ó ní oró sáyánáìdì. Oòrùn ń dín in kù, ṣùgbọ́n nígbà òjò èèpo a máa bu kó tó gbẹ, ààtàn ló sì ń gbà á. Ní nǹkan bí 2015, àwọn onímọ̀ ILRI (àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn) àti IITA (àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Ìbàdàn yá ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gàrí: wọ́n rin èèpo, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì sá a. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3 tútù ló ń di 1 gbígbẹ.