Ogun Kì í Ṣe Ìjà Nìkan

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní kíláàsì wa, mo ní kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn kan nípa ìlú Kétu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ́ sórí síléètì rẹ̀ pé: “Ogún kó Kétu.” A rẹ́rìn-ín. Bí a bá fi àmì òkè sí i bẹ́ẹ̀, ó di iye, tàbí ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ogun ló kó ìyá ìyá mi.”

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ìjà ni ogun. Ìjà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: ogun lọ, ogun bọ̀, ogun wọ̀lú, ogun pàgọ́ sí etí odò, ogun tú ká. Ṣé ìjà a máa pàgọ́? Àwọn ènìyàn ni. Wọ́n pọ̀, wọ́n mú ohun ìjà lọ́wọ́, wọ́n sì ń rìn. Bí a bá ní ọba ṣígun, wọ́n ti gbéra nílé nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ tíì bá ẹnikẹ́ni jà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀pọ̀ tó ń rìn là ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ru ẹrù lọ sọ́jà, èrò ni wọ́n. Màlúù àwọn Fúlàní, agbo ni. Eṣú, ọ̀wọ́ ni. Ìjàlọ nìkan ni mo ti gbọ́ kí àwọn àgbà pè ní ogun, torí pé bó bá wọ yàrá, onílé ló ń jáde.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ogun Dàhòmẹ̀ máa ń ṣí, nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ. Ọkùnrin àti obìnrin ló wà nínú rẹ̀. Ó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, wọ́n sì lé e padà nígbà méjèèjì. Ní 1883, nígbà ọba Glele, ó wọ Kétu. Ogun Kétu kò sí nílé. Òun náà ti ṣígun lọ sí ibòmíràn. Ẹ kíyè sí i: ogun jáde, ogun wọlé. Ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá rò pé ìjà nìkan ni ogun, ìtàn yìí kò ní yé e.

Wọ́n pa Aláketu Ojeku. Ní 1886 ogun náà padà wá, ó dótì ìlú. Ẹ ti rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè tí a fi ń dènà ogun; ó wà níbẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀ ìlú bọ́ sọ́wọ́ wọn. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀, Kétu sì di ahoro. (Àwọn tí ogun ti kó ṣáájú ìgbà náà, a ti tà wọ́n sókè òkun. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, fi ń jẹ́ orúkọ Kétu.)

Ní 1892 àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds ṣe olórí wọn ṣẹ́gun Behanzin, wọ́n sì wọ Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Kétu tó kù láàyè bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé.

Kí ni ká pe àwọn wọ̀nyí? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń rìn, kí ló dé tí wọn kì í ṣe ogun? Mo dá a lóhùn pé wọn kò mú ohun ìjà, nítorí náà èrò ni wọ́n. Ìyá àgbà ní rárá. Ó ní èrò mọ ọjà tó ń ná, ó sì mọ ẹni tó ń retí òun nílé. Ìyá ìyá òun kò mọ̀ bóyá ògiri kan ṣì dúró.

“Ẹ kọ ọ́ pé ará ilé dé.”

Mo kọ ọ́ sí pátákó bó ṣe wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi ìka pa àmì orí ogún tirẹ̀ rẹ́.