Àgádágodo Ìbọn: Láti Ogun Kírìjì Dé Maitama

 Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má fòyà o, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ rà á. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwa tí à ń gbé Maitama mọ̀ pé ìbọn ò jìnnà sí wa. Ọlọ́pàá gbé tirẹ̀ dání lẹ́nu géètì, ọ̀gá mìíràn ní tirẹ̀ nínú yàrá, ẹlòmíràn sì gbé ìbọn ọdẹ bàbá rẹ̀ wá láti ilé, ó ní ogún ni. Àárín gbogbo rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Òkè ògiri ni wọ́n máa ń gbé ìbọn wọn kọ́, wọ́n á sì fi ẹ̀tù sínú àdó níbòmíràn. Kò sí àgádágodo kankan níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń ṣọ́ ìbọn yẹn: ọmọ tó bá fọwọ́ kàn án ti dáràn. Àwọn àgbà ṣáà ní, "Ìbọn ní apátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbọn tó ti bàjẹ́ pàápàá, ká máa ṣe é bí èyí tó lè pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ṣé ìbẹ̀rù yẹn ṣì wà lójú ọmọ tó ń fi fóònù yìnbọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé l'Ékòó dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ìró ohun ìjà yẹn ló fún ogun náà lórúkọ. Ìbàdàn tó ti ń ṣẹ́gun tipẹ́ kò rí ọ̀nà lọ mọ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ibùdó ogun tó tú ká. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó wà lájò bíi tiwa ló fowó ra ìbọn yẹn.

Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels láti dá òwò ẹrú dúró. Ìwé yẹn náà ló dí ọ̀nà mọ́ ìbọn ìgbàlódé ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Wọ́n ní inú ilé ìkẹ́rùsí ìjọba ni ìbọn tó bá wọlé gbọ́dọ̀ wà. Ìbọn àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n gbà kí oníṣòwò máa tà fún aráàlú. Ìdí kan nìyẹn tí ṣakabùlà fi pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa. Òwò ẹrú ni wọ́n ń pè lórúkọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé aláṣẹ kì í fẹ́ kí ẹni tó ń ṣàkóso ní ìbọn tó tó tirẹ̀?

Òfin ìbọn ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 1959 tẹ̀lé ọ̀nà yẹn. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti irú rẹ̀ wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Ìbọn ọdẹ olọ́ta gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí òfin dè: àyàfi kí Ààrẹ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó ní ìbọn ìléwọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí láìní ìwé àṣẹ, àgádágodo kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìlú tí à ń gbé yìí gan-an ni àwọn olórí ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ohun ìjà kéékèèké ní June 14, 2006. Ó sọ pé kí aráàlú tó gba àṣẹ ìbọn, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ibi tó láàbò ni òun yóò tọ́jú rẹ̀ sí, àti pé ọta rẹ̀ yóò wà lọ́tọ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n àdó ẹ̀tù bàbá mi náà nìyẹn?

Àgádágodo ìbọn ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń dí ibi tí ìka ń fà. Èkejì jẹ́ wáyà líle tí wọ́n ń kì bọ inú ìbọn kó má baà lè yìn. Ẹ̀kẹta ni àpótí irin. Má ṣe fi irú àkọ́kọ́ sára ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ láéláé, nítorí ó ṣì lè yìn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà dán oríṣi 32 wò, 30 ló ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́. Ní 2001, wọ́n ní kí àwọn èèyàn dá nǹkan bí 400,000 àgádágodo oníwáyà tí wọ́n ti pín padà. Olè tó ní irin ìgéwáyà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi gé e.

Ṣé kò wúlò nìyẹn? Rárá o. Olè kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ kékeré ni, àti ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lóru ọjọ́ kan. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2005 fi hàn pé ilé tí wọ́n ti ti ìbọn pa, tí kò sí ọta nínú rẹ̀, tí ọta sì wà lọ́tọ̀ ní títì, ewu kí ọ̀dọ́ fi ìbọn ṣe ara rẹ̀ léṣe kéré níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá máa ń wá wo àpótí irin nínú ilé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ.

Àwọn aláṣẹ náà ò yọ sílẹ̀. Ìjábọ̀ olùyẹ̀wò owó ìjọba àpapọ̀ fún 2019 sọ pé ìbọn ọlọ́pàá 3,907 ni wọn ò rí àlàyé fún. Àwọn sẹ́nétọ̀ bi wọ́n léèrè lórí rẹ̀ ní February 2025, àwọn ọlọ́pàá sì jiyàn sí i.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ò pọ̀. Ẹ béèrè ibi tí ẹ̀ṣọ́ yín ń gbé ìbọn sí nígbà tó bá ń sùn. Ẹ má fi ìbọn sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹni tó jogún ṣakabùlà, kó lọ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó ní àṣẹ, kó yọ ọta, kó ti ìbọn pa, kó ti ọta mọ́ ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ má sì wà níbi tí ọmọ mọ̀. Ọmọ mọ gbogbo kọ́lọ́fín ilé ju bí a ṣe rò lọ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ire o.