Ìdílé Àwọn Ẹ́límẹ́ǹtì àti Ìwà Wọn lórí Àtẹ

Ẹ́límẹ́ǹtì ni ohun ìpìlẹ̀ tí gbogbo nǹkan tí ń bẹ láyé, ìbáà ṣe omi odò tàbí eegun ọmọ ènìyàn, ti ara rẹ̀ ṣẹ̀, tí kò sì sí iná tàbí kẹ́míkà tí ó lè tú u palẹ̀ sí ohun mìíràn. 118 ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ títí di òní, wọ́n sì tò wọ́n sórí àtẹ tí ó ní ìlà òró 18 àti ìlà ìbú 7. Àwọn tí wọ́n bára wọn lórí ìlà òró kan náà ni a ń pè ní ìdílé, nítorí ẹni bíni là á jọ: bí wọ́n ti ń jóná, bí wọ́n ti ń bá omi jà, àti irú ohun tí wọ́n ń bá dàpọ̀, wọ́n fi jọra.

Dmitri Mendeleev, olùkọ́ àgbà ní yunifásítì St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó gbé àtẹ yìí kalẹ̀ ní 1869, nígbà tí àwọn tí a mọ̀ kò ju 63 lọ. Ó tò wọ́n láti orí èyí tí átọ̀mù rẹ̀ fúyẹ́ jù dé orí èyí tí ó wúwo jù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lékè, lójú tèmi, ni pé níbi tí ìwọ̀n bá ti ń bá ìwà jà, ìwà ni ó gbè lẹ́yìn. Télúríọ̀mù wúwo ju áyódínì lọ. Bí a bá tẹ̀lé ìwọ̀n, áyódínì ni ì bá ṣíwájú. Mendeleev kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọmọ ilé kílórínì ni áyódínì, ó sì gbé e sí ìdí ilé rẹ̀. Ní 1913, Henry Moseley, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì, fi ìtànṣán X hàn pé iye prótọ́nì inú átọ̀mù ni ó ń pín ipò, kì í ṣe ìwọ̀n: télúríọ̀mù ní 52, áyódínì ní 53. Ogun Gallipoli pa Moseley ní 1915, ẹni ọdún 27 péré. Àdánù ńlá ni fún ìmọ̀.

Mendeleev tún fi àlàfo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìdílé tí ojú kò tí ì rí. Ó ní ẹnìkan ń bọ̀ wá jókòó sábẹ́ alùmíníọ̀mù, tí yóò wúwo tó ìlọ́po 5.9 omi. Ní 1875, Lecoq de Boisbaudran rí i ní ilẹ̀ Faransé, ó sọ ọ́ ní gálíọ̀mù, ó wọ̀n ọ́n, ó ní ìlọ́po 4.7 ni. Mendeleev, tí kò fojú kan ohun náà rí, kọ̀wé láti Rọ́ṣíà pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tí ì mọ́ tó. Ará Faransé náà yọ́ ọ mọ́, ó tún un wọ̀n: 5.9. Mẹ́táàlì yìí ń yọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, nítorí kí ooru tó pé ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń di olómi.

Inú átọ̀mù ni gbòǹgbò ìjọra àwọn ọmọ ìdílé kan náà wà. Ní ìpele ìpele ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nì wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó kángun sí òde ni wọ́n sì ń bá ará ìta lò. Bí iye àwọn ará òde wọ̀nyí bá dọ́gba, ìwà á bára mu.

Àwọn ìdílé kìíní, lítíọ̀mù, sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù, rùbídíọ̀mù, késíọ̀mù àti fránsíọ̀mù, ní ẹyọ kan ṣoṣo lóde, wọn a sì máa wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Abájọ tí a kì í fi í bá ọ̀kankan wọn ní òun nìkan nínú ilẹ̀. Iná mànàmáná ni Humphry Davy fi yọ pòtásíọ̀mù àti sódíọ̀mù ní London ní 1807. Ìyá ọlọ́ṣẹ dúdú tí ń sun èèpo kòkó, tí ń sẹ́ omi eérú rẹ̀, pòtásíọ̀mù tí ó ti bá nǹkan mìíràn dàpọ̀ ni ó ń kó jọ. Inú òróró ni a ń rì sódíọ̀mù sí kí afẹ́fẹ́ má bàa kàn án. Ọ̀bẹ lásán ń gé e bí ẹni gé ọṣẹ. Ojú ibi tí a gé a dán yinrin, kò sì ní í pẹ́ ṣú. Bí ẹ̀kìrí rẹ̀ bá bọ́ sómi, a yọ́ di róbótó, a máa sáré kiri lójú omi pẹ̀lú ariwo. Lítíọ̀mù kàn ń rọra hó ni. Pòtásíọ̀mù a gbiná, ọwọ́ iná rẹ̀ a ní àwọ̀ àlùkò. Késíọ̀mù a bú gbàù. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni oró ń pọ̀, tí líle sì ń dínkù: lítíọ̀mù ń yọ́ ní ìwọ̀n 180, sódíọ̀mù ní 98, pòtásíọ̀mù ní 63, késíọ̀mù ní 28.

Ìlà 17 yàtọ̀ pátápátá. Méje ni tiwọn lóde, ọ̀kan ni ó kù kí mẹ́jọ pé, tipátipá ni wọ́n sì fi ń wá a. Lókè ni oró tiwọn ti le jù: fúlórínì gba ẹ̀mí àwọn tí ó ń lépa rẹ̀ kí Henri Moissan tó rí i mú ní Paris ní 1886. Gáàsì ni òun àti kílórínì. Búrómínì jẹ́ olómi pupa rúsúrúsú. Áyódínì le gbagidi, òun ni a sì ń fi sínú iyọ̀ kí gẹ̀gẹ̀ má bàa yọ lọ́rùn ènìyàn. Ohun tí sódíọ̀mù ń wá ọ̀nà àtijù nù gan-an ni kílórínì ń wá kiri. Bí àwọn eléwu méjèèjì bá pàdé, iyọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n ń dà.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn gáàsì ọlọ́lá, tí òde wọn ti kún, tí wọn kì í tọrọ, tí wọn kì í yáni. Ágọ́nì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, síbẹ̀ 1894 ni Rayleigh àti Ramsay tó mọ̀ pé ó wà. Mendeleev fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí kò sí àyè fún un. Nígbà tí níọ́nì, kíríptọ́nì àti sẹ́nọ́nì dé ní 1898, ìlà òró tuntun ni a là fún ìdílé náà. Ní 1962 ni Neil Bartlett, ní Kánádà, tó mú kí sẹ́nọ́nì bá nǹkan dàpọ̀.

Kálísíọ̀mù inú eyín wà ní ìdílé kejì. Irin, bàbà, fàdákà àti wúrà wà ní agbedeméjì àtẹ, níbi tí ìwà kò ti yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ilé dé ilé. Ní ti hádírójìn, tí ó fúyẹ́ jùlọ, kò jọ ṣòkòtò, kò jọ kíjìpá: ẹyọ kan ló ní lóde bíi sódíọ̀mù, gáàsì sì ni.

Ìsàlẹ̀ ìlà àwọn ọlọ́lá ni ogánẹ́sọ́nì wà, ẹni 118, tí a sọ lórúkọ ní 2016. Ènìyàn ni ó ṣe é, átọ̀mù rẹ̀ kì í sì í sábà lo ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó fọ́. Ìṣirò àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí a bá rí i kó jọ, ó ṣeé ṣe kí ó le gbagidi dípò kí ó jẹ́ gáàsì, kí ó sì gbà láti bá ẹlòmíràn dàpọ̀ ju gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ.