Àwọn Ère Òkúta Èsìẹ́: Ohun tí Ojú Rí àti Ohun tí Ìtàn Wí

Bí a bá ń ka àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti Èsìẹ́ ni a ó kọ́kọ́ kà. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i ní ìlú kékeré yìí, láàrin àwọn Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Ti Jọ́ọ̀sì (1952) àti ti Ilé-Ifẹ̀ (1954) ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé e ni. Ère tí ó wà níbẹ̀ tó 1,000, òkúta rírọ̀ tí ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni wọ́n sì fi gbẹ́ wọn.

Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún ìjọba. Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa sọ pé òun ni ó 'ṣàwárí' wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu. Ohun tí ará ìlú ń bọ kò sọnù tí àlejò yóò fi wá a rí.

Ẹni tí ó bá dá rìn láàrin wọn láìsí afinimọ̀nà, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi ka ìtàn. Kí ó má kánjú. Kí ó kọ́kọ́ wo orí: irun dídì tí a gbẹ́ fínnífínní, àti ilà tí ó wà lójú àwọn mìíràn. Kí ó wá wo ọwọ́: àwọn kan di ohun ìjà mú, àwọn kan sì ń lo ohun èlò orin. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n, ọ̀pọ̀ sì jókòó lórí àpótí bí ẹni tí ó wà níwájú ọba. Èyí tí ó ti kán lọ́rùn kò níye.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu wí pé àlejò ni wọ́n nígbà kan rí, kí a tó sọ wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ mìíràn a fi èyí ṣẹ̀rín. Lójú tèmi, ohun tí ìtàn náà kò sọ ni ó ṣe pàtàkì jù: kò sọ pé, 'Bàbá wa ni ó gbẹ́ wọn.' Àwọn ará Èsìẹ́ gbà pé àwọn bá wọn níbẹ̀ ni. Àyẹ̀wò tí a ṣe sí amọ̀ sísun tí a hú níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100, èyí tí kò tako ẹnu àgbà.

Ta ni ó wá gbẹ́ wọn? Phillips Stevens kọ odindi ìwé lé wọn lórí ní ọdún 1978, síbẹ̀ àríyànjiyàn kò tán. Àwọn kan ń nawọ́ sí Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ tí ó rẹwà nílẹ̀ Yorùbá ni a gbọ́dọ̀ gbé lọ sí Ifẹ̀. Ọnà ojú àwọn ère yìí yàtọ̀ gedegbe sí ti ibẹ̀. Iṣẹ́ kan wà fún àwa onímọ̀ èdè: kí a gba orúkọ irun àti ilà wọ̀nyí lẹ́nu àwọn àgbà Ìgbómìnà, ní ẹ̀ka-èdè wọn, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.