Ẹni tó fẹ́ kàwé kún ìwé nínú ìmọ̀ ìmúbọ̀sípò ara: ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó kọ̀wé

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn, tí àwọn dókítà sì gba ẹ̀mí rẹ̀ là, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọwọ́ tí kò ṣeé gbé sókè mọ́, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ahọ́n tó wúwo lẹ́nu, gbogbo ìwọ̀nyí ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó máa ń bá aláìsàn gbé ẹrù yìí ni àwọn oníṣègùn tí ará ìlú mọ̀ sí físíò, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa wọ aṣọ, bí yóò ṣe tún máa di ṣíbí mú àti bí yóò ṣe tún máa sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ tó ń wádìí iṣẹ́ gbogbo wọn, tó ń béèrè èyí tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe àti ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́, ni ìmọ̀ ìmúbọ̀sípò ara, èyí tí àwọn yunifásítì òkè òkun ń pè ní rehabilitation science.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe ti àná, ṣùgbọ́n ó ti gbilẹ̀ sí i láti ọdún 2001, nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n ń pè ní ICF. Ìlànà yìí kò mọ sórí àrùn tó ń ṣe ènìyàn nìkan, ó tún ń béèrè ohun tí ẹni náà lè ṣe nínú ilé, lẹ́nu iṣẹ́ àti láàrin ìlú. Ìwádìí kan tí The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, gbé jáde ní ọdún 2020 ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ènìyàn lágbàáyé ló ní àìlera tí irú ìtọ́jú yìí lè ràn lọ́wọ́.

Ohun tó ń kó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá oyè gíga nínú ìmọ̀ yìí sí wàhálà ni orúkọ. Oríṣi oyè méjì ló wà, orúkọ wọn sì jọra. Èkíní ni oyè iṣẹ́, tó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tó lè fọwọ́ kan aláìsàn. Èkejì ni oyè ìwádìí, tó ń sọ ọ́ di onímọ̀. Ní Yunifásítì Alberta ní orílẹ̀-èdè Kánádà, abẹ́ ẹ̀ka kan náà ni méjèèjì wà: MScPT ni ti iṣẹ́, MSc nínú Rehabilitation Science sì ni ti ìwádìí. Ní Yunifásítì Toronto, Rehabilitation Sciences Institute ló ń bójú tó ti ìwádìí. Ẹni tó bá gba oyè ìwádìí yìí kò tíì gba àṣẹ láti tọ́jú ẹnikẹ́ni ní Kánádà, ìbáà jẹ́ pé ó ti ṣe físíò fún ọdún mẹ́wàá nílé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, ó ṣì gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ Canadian Alliance of Physiotherapy Regulators fún àyẹ̀wò, kó ṣe ìdánwò, kó tó forúkọ sílẹ̀. Kò burú láti fẹ́ méjèèjì. Ohun tó burú ni kí ènìyàn ná ọdún méjì sórí ọ̀kan kó máa retí èkejì.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. MSc tí wọ́n bá kọ pre-registration mọ́ ni ó ń múni dé ọ̀dọ̀ àjọ HCPC tó ń forúkọ àwọn oníṣègùn yìí sílẹ̀. Ẹni tó bá sì ti jẹ́ físíò ní Nàìjíríà lè kọ̀wé sí HCPC tààrà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́, láìtún san owó ilé ìwé mìíràn.

Kò sì pọn dandan kí ènìyàn kọjá òkun. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ físíò ní Nàìjíríà ní ọdún 1966, kí Èkó àti Ifẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ifẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Vincent Nwuga, ẹni tó lórúkọ nídìí ìtọ́jú ẹ̀yìn ríro, ti ṣiṣẹ́. Ìbàdàn sì ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Arinọlá Sanya, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á nílé yóò kó ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́ àti ti àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ PhD ló ń wò lọ́ọ̀ọ́kán ní Ìbàdàn, kó má fi MSc rẹ̀ ṣeré, nítorí ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kó bọ́ sí PhD tààrà.

Ní Kánádà, fọ́ọ̀mù kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ni. Bí kò bá sí olùkọ́ kan tó gbà láti jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí, máàkì tó dára jù lọ kì í sábà ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kùnà, kì í ṣe nítorí àìmọ̀wé, bí kò ṣe nítorí ọ̀wọ̀ àpọ̀jù. Wọ́n á ki olùkọ́ náà ní ìlà mẹ́fà, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tí kò tíì ṣe, wọ́n á wá sọ pé iṣẹ́ yòówù tó bá fún àwọn làwọn á ṣe. Ní tiwa, ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn. Lójú olùkọ́ tó ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá ni. Lẹ́tà tó ń rí èsì kì í gùn. Ó máa ń dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó tí olùkọ́ náà ti tẹ̀ jáde, yóò sọ ìbéèrè kan tí iṣẹ́ náà kò tíì dáhùn, yóò sì sọ ohun tí ẹni tó ń kọ̀wé ti fojú ara rẹ̀ rí tó fi ń béèrè. Físíò tó ti rí bí àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ṣe ń pa ìtọ́jú tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí owó ọkọ̀ ní ìbéèrè ńlá lọ́wọ́, bó bá mọ̀ pé ìbéèrè ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé. Tiránsíkíríìpù, èyí tó jẹ́ àkọsílẹ̀ máàkì, gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ yunifásítì lọ sí yunifásítì, ó sì yẹ kí òṣùwọ̀n tí wọ́n lò hàn nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìbàdàn fi lo òṣùwọ̀n 7, nígbà tí àwọn mìíràn ń lo 5. Ẹni tó ní 4.6 nínú 7 àti ẹni tó ní 4.6 nínú 5 kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá, àlejò kò sì lè mọ èyí bí a kò bá sọ fún un. Orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Obìnrin tó ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, tàbí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ bákan nínú ìwé kan tí wọ́n kọ ọ́ bámìíràn nínú òmíràn, yóò nílò ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Èèyàn a máa fojú kéré èyí títí ìwé á fi há síbì kan.

Ní ti àwọn tó máa jẹ́rìí, ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ ẹni dára ju olókìkí tí kò mọ ojú ẹni lọ. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì wà pẹ̀lú, àmọ́ àwọn yunifásítì kan máa ń yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó bá fi hàn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ owó kò le tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, bó bá jẹ́ oyè ìwádìí ni. Alábòójútó a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó láti inú owó ìwádìí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì kó gbowó. Láti ọdún 2018, iye tí Yunifásítì Toronto ń gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ náà ló ń gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àjèjì tó ń ṣe PhD. Oyè iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò akẹ́kọ̀ọ́ ni owó rẹ̀ ti ń jáde.

Oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀, àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì tó ṣáájú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń ti ilẹ̀kùn. Nítorí bí tiránsíkíríìpù ṣe máa ń pẹ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ nílé, oṣù Kẹfà tàbí Keje ló yẹ kí ènìyàn ti sanwó rẹ̀, kó sì máa pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi jáde.